Bí Agolo Mẹ́ta Ṣe Lè Pe Orúkọ Ọmọ Yín

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi obìnrin nígbà tó gbé ìkòkò kan àti agolo mílíìkì kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fi ṣíbí lù wọ́n. Àárọ̀ Sátidé ni, mo ń fọṣọ lọ́wọ́, orí sì ti ń fọ́ mi díẹ̀. Mo ti la ẹnu láti ní kó gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀ kí n tó gbọ́ pé ohun kan náà ló ń lù léraléra: ó lu ìkòkò, ó lu agolo, ó tún lu ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé kí ló ń lù. Ó ní, "Ìyá Àgbà." Mo fi ẹnu ara mi pè é, Ì-yá-Àg-bà. Òótọ́ ni. Ìkòkò ló gbé ohùn ìsàlẹ̀, agolo ló gbé ohùn òkè. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá òun, àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ohun èlò orin. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àǹtí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ ọdún méjì sí méje wà lọ́wọ́ yín ni mo kọ èyí fún. Owó tó máa ná yín kò tó nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń ṣe é: ohun èlò tí a bá ṣe fún ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ariwo lásán máa ń sú ọmọ kíákíá. Ṣùgbọ́n bó bá mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni òun ń pè, ẹ̀yin gan-an lẹ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹun.

Ẹ fi ara ṣe ìlù ná

Ẹ má tíì mú agolo kankan. Ẹ lo bí ọ̀sẹ̀ kan lórí èyí.

Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Dò, re, mí ni wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé. Fún ọmọ kékeré, ẹ gbé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ara rẹ̀. Dò, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan. Re, kó gbá àyà jẹ́jẹ́. Mí, kó na ọwọ́ sókè kó pàtẹ́wọ́ lórí.

Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn létí ọmọ tó o. Adé jẹ́ re mí: àyà, òkè. Bọ́lá jẹ́ mí mí. Dàpọ̀ jẹ́ dò dò. Táíwò jẹ́ mí mí dò, Kẹ́hìndé jẹ́ mí dò mí. Ẹ kọ́kọ́ fà á, kí ẹnu àti ọwọ́ jọ máa lọ. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹnu dé, kí ọwọ́ nìkan máa pe orúkọ náà. Ọmọ ọdún méjì lè má tíì mú ohùn àárín. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ àti òkè ti tó fún un, ó sì ti lè fi méjèèjì pe "ìyá": dò mí.

Ó tún ti fi pe "bàbá" nìyẹn, torí dò mí ni bàbá náà jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Ọmọ tó bá ti tó ọdún márùn-ún á fúnra rẹ̀ bi yín pé, "Ṣé bàbá lẹ pè ni àbí ìyá?" Ẹ ṣàlàyé fún un pé ìlù kì í gbé lẹ́tà. Ohùn ló ń gbé, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tàbí tó ń fà. Ìdòwú jẹ́ dò dò mí, Àlàbá jẹ́ dò dò mí. Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àjàní, Àlàó, dò dò mí ni gbogbo wọn. Ẹ wo orúkọ ìlú: Ọ̀yọ́ jẹ́ dò mí, Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ dò mí dò mí, àfi bí ẹni pé a pe Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi orúkọ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìhòòhò. Á fi oríkì wọ̀ ọ́ láṣọ, á fi gbólóhùn gùn ún, títí ẹni tí wọ́n ń kí á fi mọ̀ pé òun ni.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí kálukú fi ohun tó fẹ́ràn tàbí ọmọ ẹni tó jẹ́ kún orúkọ rẹ̀. Bí Ìdòwú àti Àlàbá bá wà nínú ilé kan náà, kí ọ̀kan máa jẹ́ "Ìdòwú a-jẹ-dòdò", kí èkejì máa jẹ́ "Àlàbá ọmọ ìyá mi". Ẹ gbá méjèèjì, ẹ ó gbọ́ pé wọn kò jọra mọ́. Oríkì ọmọ mi ni Àníkẹ́, dò mí mí, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé wa tí ohùn orúkọ rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i débi pé kò jẹ́ kí a fi ohunkóhun kún un.

Eré kan wà tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ gbé igbá kan, ìgbá kan tí ẹ rà lọ́jà, ọkọ̀ ìṣeré kan àti ṣíbí kan lé e. Ẹ gbá ohùn ọ̀kan nínú wọn láìsọ̀rọ̀, kí ọmọ gbé ohun tí ẹ pè. Igbá jẹ́ re mí, ìgbá jẹ́ dò mí, ọkọ̀ jẹ́ re dò, ṣíbí jẹ́ mí mí. Ẹ má fi ọkọ́ sí i o, re mí ni òun àti igbá jọ jẹ́, á da wọ́n rú.

Ìlù agolo mẹ́ta

Ẹ ti rí omele tí wọ́n so mẹ́ta pọ̀ lóde ìnáwó, tí ẹnìkan máa ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù. Òun la fẹ́ fara wé. Ẹ wá agolo mẹ́ta tí kò dọ́gba: agolo ńlá mílíìkì ìyẹ̀fun, èyí tó kéré sí i, àti agolo mílíìkì olómi tàbí ti tòmátò. Awọ ewúrẹ́ ni onílù gidi ń lò, ṣùgbọ́n ó le láti fà, ó sì máa ń rùn bí kò bá gbẹ tán. Túùbù táyà ni kí ẹ lò. Ẹ yà lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ bèèrè túùbù tó ti bẹ́ tí kò ṣe é lẹ̀ mọ́. Ti ọ̀kadà tó fún agolo kékeré, ti ọkọ̀ ńlá ni kí ẹ wá fún agolo ńlá. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú-tẹ̀yìn, nítorí dúdú rẹ̀ máa ń yí ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì sá a sí ibòji.

1. Etí agolo ni àkọ́kọ́, iṣẹ́ àgbà sì ni. Ẹ ṣe é kí àwọn ọmọ tó jí. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ irin tó bá yọrí wọnú, kí ẹ wá fi téèpù lílẹ̀ yí etí náà po ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi ìka ara yín yí i ká. Bó bá ṣì ń ha yín, kò tíì tó ọmọ fún.

2. Ẹ la túùbù kó ṣí sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ẹnu agolo bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ gé rọ́bà róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, kí sẹ̀ǹtímítà 4 lè ṣẹ́kù sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ọmọ lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ wá àwo tàbí ìdérí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí rọ́bà, kó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Ẹ̀yin lẹ máa fi àlùmọ́gàjí gé e.

3. Nínú èyí tó kù, ẹ gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ẹ bá gé e yípo yípo lára túùbù tí ẹ kò tíì là, bí ẹni ń bó ọsàn láìjá a, ọ̀já kan lè gùn ju ọmọ lọ.

4. Ẹ̀yin méjì ló máa ṣe èyí. Ọ̀kan fi orúnkún há agolo, ó fa rọ́bà bo ẹnu rẹ̀; èkejì ń yí ọ̀já mọ́ ọn lábẹ́ etí. Ẹ fa apá iwájú, ẹ fa apá ẹ̀yìn tó kọjú sí i. Ẹ wá fa ọ̀tún, kí ẹ fa òsì. Bí ẹ bá kàn ń fà á lọ yíká láti ojú kan, ibì kan á le, ibì kan á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Àwọn ọmọ lè máa mú ìdí ọ̀já dání, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

5. Ẹ tẹ́tí sí wọn. Agolo ńlá ni dò, kékeré ni mí, èyí tó wà láàárín ni re. Bí ojú ìlù bá ṣe kéré tó, tí ó sì le tó, ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Nítorí náà, bí re bá jọ dò jù, ẹ tún rọ́bà rẹ̀ fà kó le sí i. Ẹ má wá ohùn dùùrù níbẹ̀. Kí ọ̀kan ṣáà ga ju èkejì lọ ní gbangba ni.

6. Ẹ fi ọ̀já so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, dò lápá òsì, mí lápá ọ̀tún.

Ó ku kí wọ́n pe orúkọ tí wọ́n ti fi ara kọ́. Ọmọ tó ti gbá itan, àyà àti orí fún ọ̀sẹ̀ kan kì í pẹ́ kó tó rí i lórí agolo.

Bí ẹ kò bá rí túùbù, ẹ lo sẹ́lótéèpù fífẹ̀ tí wọ́n fi ń di páálí. Ẹ fà á kọjá lójú agolo, ẹ gbé òmíràn kọjá lórí rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, títí kò fi sí àlàfo, kí ẹ tún wá ṣe ìlọ́po kejì. Ó máa ń dún fọ́nrán, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún mí ju túùbù lọ. Kò kàn lálòpẹ́ ni.

Ọ̀pá ìlù: igi tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20, tí orí rẹ̀ kò mú, tí ẹ fi ọ̀já rọ́bà wé lórí bíi kókó. Òfin kan ṣoṣo ni a ní lórí ọ̀pá nílé wa: ẹni tó bá dìde sáré ti gbé ọ̀pá sílẹ̀ ná.

Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún lè gbìyànjú ohùn mẹ́ta lórí agolo kan ṣoṣo. Kó fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì tẹ ojú ìlù létí, kí ọwọ́ ọ̀tún máa lù. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, dò. Bó bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, re. Bó bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ohùn á ga. Ohun tí apá onílù ń ṣe sí ọsán gángan, ìyẹn okùn awọ ara rẹ̀, náà nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlù náà ní ṣaworo, agogo wẹ́wẹ́ tó ń dún lára ìlù, bíi ti ìyáàlù, ẹ gba ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ fi òòlù tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, ẹ fi ìṣó lu ihò sí wọn láàárín, ẹ sín wọn méjì méjì sórí okùn, kí ẹ so ó mọ́ ìdí agolo. Okùn yẹn kan náà, bí ẹ bá so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ lórí ìbọ̀sẹ̀, ijó rẹ̀ á di ìlù.

Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀

Gbogbo ohun tí a bá mì tó bá dún ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ tó ń dàgbà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ìyàtọ̀. Ṣẹ́ẹ́rẹ́, inú rẹ̀ ni hóró wà. Òun ni àwọn ẹlẹ́sìn Ṣàngó máa ń mì bí wọ́n bá ń kí Ọba Kòso. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀, èso tàbí owó ẹyọ ló wà lára rẹ̀ lóde, òun ló ń gbá agbè tó fi ń dún.

Ṣẹ́ẹ́rẹ́ rọrùn jù. Ẹ wá ike omi kékeré mẹ́ta tó gbẹ dáadáa nínú. Ẹ fi ìrẹsì sí ọ̀kan, àgbàdo sí èkejì, òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀kẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìdá mẹ́rin ike lọ, nítorí ike tó bá kún kò ní àyè tí hóró á fi sáré. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa fi ṣíbí bu hóró sí i. Ìgbà tí ẹ bá dé ìdérí, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú ìdérí nínú, ẹ fún un pa, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ wá fi téèpù wé e.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdérí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹ̀wà ni mo fi sí i, mo sì kàn fi ọwọ́ fún ìdérí pa. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méjì àbọ̀, ṣí i lẹ́yìn mi, ó sì ki ẹ̀wà kan bọ imú. A kò tètè mọ̀. Ẹ̀wà máa ń wú bó bá ti rí omi, omi sì wà nímú. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, imú ọmọ ti wú, ẹkún rẹ̀ ṣì wà létí mi di òní. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fi ìka, ìṣáná tàbí ohunkóhun wá a jáde, ẹ ó túbọ̀ tì í wọnú ni. Ẹ gbé ọmọ lọ bá àwọn oníṣègùn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí hóró, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ìdérí ìgò tú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹ kò bá jókòó tì í. Kò sí orin tó tó ìyẹn.

Ẹ gbé ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn yín, ẹ mi ọ̀kan, kí wọ́n sọ èyí tí ẹ mì. Ìrẹsì máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àgbàdo máa ń rojọ́, òkúta máa ń jà. Ọmọ kan ní àdúgbò wa ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n kò sì rí àpèjúwe tó dára ju tirẹ̀ lọ.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gba sùúrù. Ó dára fún ọmọ ọdún márùn-ún sókè, nítorí ìka wọn ti lè sín ìlẹ̀kẹ̀. Agbè kékeré ló dára jù; bí kò bá sí, ike omi tó le díẹ̀ á ṣe é. Ẹ so okùn kan mọ́ ọrùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ so okùn mẹ́jọ mọ́ ẹ̀gbà yìí kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ yíká. Ẹ pín okùn fún àwọn ọmọ, kí kálukú sín ìlẹ̀kẹ̀ ike bíi mẹ́wàá sí tirẹ̀. Bọ́tìnnì tó kù lọ́dọ̀ télọ̀ náà ń dún dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ kó ìdí okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ sí okùn róbótó kan lábẹ́ ìdí ike. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí okùn le mọ́ ara rẹ̀. Kí ó dẹ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè fò kúrò lára ike kó tún padà gbá a.

Bó bá jẹ́ agbè tútù lẹ rí, ẹ gé ẹnu rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí inú rẹ̀ á fi jẹrà, ẹ ha á jáde pẹ̀lú hóró rẹ̀, kí ẹ sá a títí á fi gbẹ. Ó máa ń rùn, ẹ gbé e jìnnà sí ilé ìdáná. Ìgbà ọyẹ́ ló ń yá gbẹ jù. Bí ẹ bá ń ha agbè gbígbẹ, ẹ fi aṣọ bo imú, kí àwọn ọmọ sì kúrò nítòsí, eruku rẹ̀ kò dára fún ọ̀fun.

A kì í fi ọ̀pá lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ fi ọwọ́ kan mú ọrùn rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gba ìdí rẹ̀, kó máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó máa yí i díẹ̀. Àwọn àgbà ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í ròde ìbànújẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn bí ẹnìkan bá ń sunkún pé òun kò tíì gba tirẹ̀.

Fèrè ìbẹ́pẹ

Èyí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọjọ́ kan péré ló sì ń lò, nítorí bó bá ti rọ, ó parí. Ẹ já ewé ìbẹ́pẹ tó gbó pẹ̀lú igi rẹ̀. Igi náà ní ihò nínú, ṣùgbọ́n ó dí níbi tó ti kan ewé. Ẹ gé ewé kúrò, kí ẹ fi ojú tó dí yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé òdìkejì kó là gbangba. Ẹ wá fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ kan gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 4 nítòsí ojú tó dí. Ẹ fi omi fọ oje funfun ara rẹ̀ dànù, torí ó máa ń ta ètè, kò sì gbọdọ̀ kan ojú. Kí ọmọ ki ibi tí ẹ là sẹ́nu tán, kó fẹ́ ẹ láìfi ètè fún un pa. Á ké bí ọkọ̀ akẹ́rù.

Bí ẹ bá gé e kúrú, ohùn rẹ̀ á ga; bó bá gùn, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Nítorí náà ẹ gé mẹ́ta, gígùn, àárín, kúkúrú, ẹ tún ti ní dò, re, mí nìyẹn. Kálukú pẹ̀lú tirẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ìgò mẹ́ta tí ẹ bu omi sí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ fi ṣíbí kan án jẹ́jẹ́: èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò kan náà, á yí padà, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ga. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà fúnra rẹ̀ rí i, kí ó sì ya á lẹ́nu. Ìgò ni o, orí tábìlì ni kó wà, kí àgbà jókòó tì í. Ẹ tún lè fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó yí páálí bàtà tí kò ní ìdérí po, tẹ́ẹ́rẹ́ àti fífẹ̀, kí wọ́n máa ta á.

Bí ẹ ṣe máa lù ú pọ̀

Ọmọ márùn-ún tí kálukú ń lu tirẹ̀, wàhálà ni. Lílé àti ègbè ló ń kó wọn jọ. Ẹ̀yin ẹ lé, kí wọ́n gbè:

Ta ló lu agolo? — Èmi ni!
Ta ló mi ṣẹ́ẹ́rẹ́? — Èmi ni!
Kí lorúkọ rẹ, jẹ́ ká gbọ́ — 

Níbi tí ẹnu dákẹ́ sí yìí, ẹni tó kàn á fi ohun èlò rẹ̀ lu orúkọ rẹ̀ àti oríkì tó yàn, gbogbo ilé á sì pè é lẹ́nu. Kí ohun èlò kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn bí ẹ bá ti yípo kan. Èyí ti pa ìjà tó pọ̀ nílé wa.

Ẹ kọ́ wọn ní dídákẹ́ pẹ̀lú. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, gbogbo ìlù á dúró ṣinṣin. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó yá. Mo tún máa ń ní kí wọ́n lù ú bí èèrà ṣe ń rìn, kí wọ́n wá lù ú bí erin ṣe ń rìn. Ọmọ tó bá lè lu ti èèrà ti ń kọ́ láti kó ọwọ́ rẹ̀ níjàánu. Èèrà ni a máa ń lù nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń kírun tàbí tí ìyá arúgbó òdìkejì bá ń sùn lọ́sàn-án. Ogún ìṣẹ́jú tó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Ẹ má fi ọmọ ọwọ́ náà sílẹ̀. Ẹ gbé e lé itan, ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ máa fi gbá orúkọ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Ẹ mú wọn lọ wo onílù

Bí wọ́n bá ti lu agolo fún oṣù kan, ẹ wá ìdílé Àyàn tó wà nítòsí yín. Ẹ má lọ bá wọn lóde ìnáwó, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ lọ sílé lọ́jọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ló fẹ́ wo ìlù, ẹ sì mú nǹkan dání. Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní kí bàbá onílù fi ọsán hàn wọ́n, bó ṣe so ojú méjèèjì pọ̀, tí apá á fún un tí ohùn á ga. Ẹ ní kí wọ́n wo gúdúgúdú tí a kì í fún, tí bílálà méjì ń lù. Kí wọ́n fọwọ́ kan igi, awọ àti ṣaworo. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ bàbá kó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mo rí ojú ọmọ mi lọ́jọ́ tí ìyáàlù pe Àníkẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé ìlù ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹni tó bá lè rìn dé Ọ̀yọ́, tí kò ju bíi kìlómítà 50 lọ sí wa, kó ra igbá àti agbè kékeré níbẹ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, kí àwọn ọmọ sì wo bí àwọn onígbá fínfín ṣe ń fi ọ̀bẹ ya ọnà sí i lára.

Ìtọ́jú wọn kò nira. Oòrùn máa ń ya túùbù, ẹ má fi ìlù sílẹ̀ níta. Kòkòrò máa ń wọ ìrẹsì àti àgbàdo inú ike bó bá pẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í ní ìṣòro yẹn. Ẹ máa wo téèpù etí agolo lóṣooṣù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń ṣí. Inú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni tiwa wà. Ìyá Àgbà kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ bí wọ́n bá dé lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n á mú ọ̀pá, wọ́n á lu dò mí dò dò, ẹ ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ méjì tó ń sáré bọ̀ láti inú ilé.